Ẹ má jẹ́ kí ìtẹ̀wé jẹ àmì orí àkọlé yín

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹgbẹ́ yín ló kọ eré olórin yìí fúnra yín, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ojú gbogbo òṣèré ló yẹ kó wà lórí pósítà, àbí àwòrán kan ṣoṣo. Màá dáhùn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú wa rí, torí ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀pẹ́ la wà. "Ọkọ̀ Ìyàwó" la pe eré tiwa, ìtàn ọkọ̀ ojú omi tó gbé ìyàwó sọdá ọ̀sà, tí kò gúnlẹ̀ mọ́. A gbé iṣẹ́ lọ sí Ṣómólú, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí. Kọ̀ǹpútà ọ̀gá tó bá wa tẹ̀ ẹ́ kò ní fọ́ǹtì, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà, tá a lò, ló bá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo tú ìdì àkọ́kọ́, "Ọkọ Ìyàwó" ni mo rí. Àmì orí ọ kejì ti pòórá. 500 ẹ̀dà! Íǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ tán, ó ràn mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀gá yẹn wò mí, ó ní, "Màmá, ta ló ń wo àmì?" Àwọn ará ọjà ẹja Olúwo wò ó. Wọ́n ń bi wá pé ta ló ń gbéyàwó, èló ni aṣọ ẹbí. A ò lówó tá a máa fi tẹ òmíràn. A jókòó di òru, à ń fi máákà dúdú fa àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó fà á rèé: kọ̀ǹpútà ò ní ẹyọ lẹ́tà kan fún "ọ̀". "Ọ" dá wà, àmì orí rẹ̀ dá wà, fọ́ǹtì ló ń so wọ́n pọ̀. Àwọn fọ́ǹtì tó ń jẹ́ Noto àti Charis SIL ń gbé e dáadáa. Kí ẹni tó ń ya pósítà náà lórí kọ̀ǹpútà sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di àwòrán kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ctrl+Q ni wọ́n ń tẹ̀ nínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya pósítà. Kẹ́ ẹ sì gba ẹyọ kan kà sókè kí wọ́n tó tẹ ìyókù.

CMYK, ìyẹn àwọ̀ íǹkì mẹ́rin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń lò, ni kẹ́ ẹ fi yà á. Búlúù wa tó ń tàn lójú fóònù jáde bí aró tó ti ṣá. Ìwọ̀n bébà A3 ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọ̀ fi mìlímítà 3 kọjá etí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tí ọ̀bẹ máa gé kúrò. Ìyẹn ò le.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n fa tiwa ya lára ògiri, wọ́n ní kò ní òǹtẹ̀. A lọ gba òǹtẹ̀, ẹni tó máa lù ú ò wá síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù. Ẹ lọ bá wọn kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun.

Ojú òṣèré: àwòrán kan ṣoṣo ni o. Tí ojú bá ti pọ̀, fíìmù làwọn èèyàn máa pè é. Nígbà tí Ògúndé bẹ̀rẹ̀ eré olórin tiẹ̀ ní 1944, kò sí fíìmù Yorùbá tí wọ́n lè ṣì í mú fún. Ẹ kọ "orí ìtàgé, orin ojúkojú" ní lẹ́tà ńláńlá. Gèlè pupa kan nínú ọkọ̀ òfìfo ni tiwa, ọ̀pọ̀ tó wá ló ní gèlè yẹn ló pe àwọn.