Máàkì mi ló ga jù, ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n mú

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo wà ní 400 level ní LAUTECH, kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́, 4.31 sì ni CGPA mi. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ wá àyè IT (ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbi iṣẹ́) olóṣù mẹ́fà lọ síbì kan náà. Máàkì tirẹ̀ ò tó tèmi rárá, òun ni wọ́n mú. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ara mi, mo ní mi ò kì í ṣọ̀lẹ, mo sì máa ń tètè mọ iṣẹ́. Kí ni mo ṣe tí ò dáa? — Ọmọ Under G

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń gba ọmọ IT sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi nítòsí Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo wọn ló sì ń tètè mọ iṣẹ́. Ẹni tó máa ń dé ní aago mọ́kànlá pàápàá sọ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wá lọ́dún méjì sẹ́yìn, ojú máàkì rẹ̀ ń tì í. Mo bi í ní iṣẹ́ tó ti ṣe rí. Ó ní òun ló ń tọ́jú ìwé gbèsè fún ìyá òun tó ń ta láfún ní Ọjà Igbó, ó sì ṣàlàyé bó ṣe ń sin owó láìbá oníbàárà jà. Ibẹ̀ ni mo ti gbà á.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, fóònù dún. “Mà, mo ti ṣàṣìṣe. Káàdì ìgbéyàwó 200 ti jáde, ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀ ò tọ̀nà. Mo ti pa ẹ̀rọ. Bébà tó kù á tó o, aago mẹ́rin ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á.” Inú bí mi o, bébà ti wọ́n! Ṣùgbọ́n kí n tó dé, ó ti ń tẹ òmíràn. Ọmọ kan tó ní máàkì bíi tìẹ ti kó tiẹ̀ tó bàjẹ́ sábẹ́ tábìlì rí. Oníbàárà ló bá mi rí i.

Nítorí káwọn akẹ́kọ̀ọ́ má baà mọ̀wé láìmọ iṣẹ́ ọwọ́ ni ITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́, ṣe dá SIWES, ètò IT yìí, sílẹ̀ ní 1973. Ẹ̀yin wá ń dúró dìgbà tó bá ku ọ̀la kí sùpáfáísọ̀ dé, kẹ́ ẹ tó fi bírò kan ṣoṣo kọ logbook (ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́) oṣù mẹ́ta lóru. Tìẹ, lójoojúmọ́ ni kó o máa kọ ọ́: ohun tó bàjẹ́, ẹni tó o sọ fún, bẹ́ ẹ ṣe tún un ṣe. Ibẹ̀ lo ti máa rí ọ̀rọ̀ sọ tí wọ́n bá tún bi ọ́.

Bi ọ̀rẹ́ rẹ ní ohun tó sọ fún wọn, kó o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Èmi náà fẹ́ gbọ́.