Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Tàjíìn Tí Kò Lẹ́ran

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Marrakech, ní Mòrókò, ni èmi àti ọkọ mi ti kọ́kọ́ jẹ tàjíìn (ọbẹ̀ tí wọ́n ń sè jẹ́jẹ́ nínú ìkòkò amọ̀) ẹran àgùntàn tí wọ́n fi èso plum gbígbẹ àti álímọ́ńdì sè, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń sè é fún àlejò nílé wa. Ní báyìí, ìyàwó ọmọ mi kì í jẹ ẹran, ẹyin, wàrà tàbí ohunkóhun tó bá ti ara ẹranko wá. Mo fi elégédé rọ́pò ẹran, ni ọbẹ̀ bá dùn jù bí oògùn ikọ́ ọmọdé. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ọkọ, Peckham, London.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ìyàwó, Mà. Elégédé yẹn ló da ọ̀rọ̀ rú. Adùn ti wà nínú èso plum, ó wà nínú oyin, ó tún wà nínú àlùbọ́sà tó ti pẹ́ lórí iná; ọ̀rá àti omi ẹran àgùntàn ni kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ pọ̀ jù lẹ́nu. Nígbà tí ẹ wá fi ohun dídùn mìíràn sí àyè ẹran, kò sí ohun tí yóò bá adùn náà wọ̀jà mọ́.

Ẹ̀wà chickpea àti olú ni kí ẹ lò. Ẹ rẹ 250 giramu ẹ̀wà náà sómi mọ́jú, ẹ sè é títí yóò fi rọ̀, ẹ má sì da omi tí ẹ fi sè é nù, nítorí òun ni yóò mú kí ọbẹ̀ ki bí omi eegun ṣe máa ń ṣe. Ní ti olú, ẹ fọwọ́ ya á ní ìwọ̀n ègé ẹran, kí ẹ yan án nínú páànù gbígbóná láìsí òróró títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ tí etí rẹ̀ yóò sì pọ́n, kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i. Olú tí wọn kò yan, ṣe ni yóò máa sun omi sínú ọbẹ̀.

Ẹ má ṣahun òróró ólífì: ṣíbí ìjẹun 5 kò pọ̀ jù, torí inú ọ̀rá ni òórùn àwọn èròjà ti ń jáde dáadáa. Ẹ rin àlùbọ́sà 2 sínú rẹ̀, ẹ fi atalẹ̀ lílọ̀, ata dúdú, igi sínámọ́nì àti sáfúrọ́nì ìfọwọ́mú kan sí i, kí ó wà lórí iná jẹ́jẹ́ títí àlùbọ́sà yóò fi yọ́ tán. Ẹ̀yìn èyí ni ẹ̀wà, omi rẹ̀ àti olú yóò wọlé. Bí ìkòkò amọ̀ lẹ bá ń lò lórí gáàsì, ẹ fi irin pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀ kó má baà sán.

Ohun méjì ló máa ń sá pamọ́ fún alásè. Àkọ́kọ́ ni oyin, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà mọ́ ohun ẹranko: ẹ rẹ dàbínù sínú omi gbígbóná, ẹ gún un, ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Èkejì ni smen, bọ́tà oníyọ̀ tí àwọn ará Mòrókò máa ń jẹ́ kó kan. Ẹlòmíràn lè ní kí ẹ fi irú dípò. Ìyàwó yín lè jẹ irú lóòótọ́, àmọ́ èmi kò fara mọ́ ọn, yóò bo sáfúrọ́nì mọ́lẹ̀.

Ẹ bu ọbẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ fi se 200 giramu èso plum fún ìṣẹ́jú 15, kí ó má baà fọ́ sínú ìyókù. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ wá fi álímọ́ńdì díndín àti yànmọ̀tí yíyan wọ́n ọn lórí. Búrẹ́dì ni wọ́n fi ń jẹ tàjíìn ní Mòrókò, kì í ṣe kúskúsù. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá tí wọ́n fi di búrẹ́dì náà kí ẹ tó rà á, torí wàrà máa ń wà nínú òmíràn. Bí ìyàwó kò bá sì fẹ́ràn olú, ẹ sè bissara fún un, ọbẹ̀ ẹ̀wà fava gbígbẹ tí wọ́n ń da òróró ólífì àti kumin lé lórí, tí kò ní ẹran nínú láti ìbẹ̀rẹ̀ wá.