Kí omi odò Ògùn tó tún wọlé: ohun tí ìyá ọlọ́mọ kékeré lè ṣe sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Nọ́ọ̀sì. Abúlé kan létí odò Ògùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mì-Owódé, ni à ń gbé. Tí òjò bá ti pọ̀, tí wọ́n sì ṣí omi dáàmù Ọ̀yán, omi máa ń wọlé bá wa. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ṣu gbuuru títí ojú rẹ̀ fi wọnú. Ìyá ọkọ mi ní eyín ló ń hù. Ó yà mí lẹ́nu, torí a máa ń fi álọ́ọ̀mù sí omi kànga wa, ó sì máa ń mọ́ gaara. Ọmọ náà ti pé ọdún méjì báyìí, àbúrò rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin. Òdìkejì omi ni hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà wa wà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ewu ti èṣí. Ọ̀rọ̀ álọ́ọ̀mù yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí ó jọ pé ibẹ̀ ni nǹkan ti wọ́. Álọ́ọ̀mù máa ń fa ẹrẹ̀ lọ sísàlẹ̀ omi ni, kì í pa kòkòrò àìsàn. Nígbà tí omi bá bo ilẹ̀, orí ṣáláńgá ló ń gbà kọjá, ó ń gba orí ààtàn àti ibi tí ẹran ń sùn sí, gbogbo rẹ̀ ló sì ń gbé wọ inú kànga. Ojú omi lè mọ́ gaara kí kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, títí kan ti onígbáméjì, ṣì wà nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ má pa álọ́ọ̀mù tì. Ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, kí ẹ fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ omi tó tòrò náà sínú ìkòkò mìíràn, kí ẹ wá sè é títí yóò fi hó dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Ẹ dé e, kó tutù síbẹ̀. Ife tó ní ọwọ́ ni kí ẹ fi máa bù ú, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má bọ inú rẹ̀. Oògùn apakòkòrò omi bíi WaterGuard náà dára: ẹ tẹ̀lé ohun tí wọ́n kọ sára ìgò, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó mu ún. Mo mọ̀ pé igi ìdáná máa ń tutù lásìkò omi, nítorí náà kí igi gbígbẹ tàbí èédú ti wà lórí àjà láti oṣù Kẹjọ. Bí kò bá tó sè fún gbogbo ilé, omi ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ sè. Lẹ́yìn tí omi bá fà, ẹ pe àwọn wọléwọlé ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n bá yín fa kànga náà gbẹ, kí wọ́n sì fi oògùn sí i. Títí dìgbà yẹn, ẹ máa sè é.

Ní ti ọmọ oṣù mẹ́rin, ọmú nìkan ni, títí yóò fi pé oṣù 6. Kò sí omi, kò sí àgbo, kò sí ògì. Àwọn ìyá wa á ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ nínú ooru yìí, ṣùgbọ́n omi tó tó o wà nínú ọmú. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa mu omi, kí ẹ sì máa jẹun. Lásìkò omíyalé, kò sí oúnjẹ tí ọkàn mi balẹ̀ sí bí ọmú, torí kò gba ọ̀dọ̀ kànga kọjá rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá fún yín ní mílíìkì agolo, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi rọ́pò ọmú.

Ẹ bá mi bẹ ìyá ọkọ yín: eyín híhù kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Àsìkò tí eyín ń yọ ni ọmọ máa ń kó gbogbo ohun tó bá rí sẹ́nu, ìyẹn ló fi dà bí ẹni pé eyín ló fà á. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú "eyín ni" ni pé ilé á dúró máa wò ó títí omi á fi tán lára ọmọ. Omi àti iyọ̀ tó ń bá ìgbẹ́ jáde ló sábà máa ń pa ọmọ. Ojú tó wọnú, àwùjẹ̀ tó jìn lórí ọmọ ọwọ́, ẹnu gbígbẹ, ẹkún tí kò lómijé, àìtọ̀: àmì rẹ̀ nìyẹn. Nǹkan tí a bá fi pa àwùjẹ̀ kò lè dá omi náà padà. Ẹnu ló gbọ́dọ̀ gbà wọlé.

Nítorí náà, láti orí ìgbẹ́ olómi àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ṣu gbuuru. Ẹ wá ORS àti síńkì, oògùn tí ọmọ tó ń ṣu gbuuru máa ń lò, sílẹ̀ báyìí, kí ẹ fi ọ̀rá dì í. Ẹ ka ara ORS náà kí ẹ mọ iye omi tó gbà. Tó bá jẹ́ lítà 1, píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n kọ 50cl sí ló jẹ́. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ fún ọmọ ọdún méjì ní 100 sí 200ml. Tí ìgbẹ́ bá mú ọmọ oṣù mẹ́rin, òun náà á mu ORS, 50 sí 100ml, ọmú kò sì gbọ́dọ̀ dúró. Bí ọmọ bá bì í, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. ORS tí ẹ ti pò tó bá ti lo wákàtí 24, ẹ dà á nù. Síńkì ní tirẹ̀, ọjọ́ 10 sí 14 ni, 20mg lójúmọ́ fún ẹ̀gbọ́n, 10mg fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6. Bí ìgbẹ́ bá tiẹ̀ dá, ẹ parí rẹ̀.

Bí ORS bá tán, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà 1 omi sísè. Kí orí ṣíbí tẹ́jú, torí iyọ̀ tó bá pọ̀ jù léwu fún ọmọ. Kí ẹ̀gbọ́n máa jẹ ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àti ẹja rẹ̀ lọ. Ẹ má sáré ra fulagíìlì ní kẹ́míìsì. Ọ̀pọ̀ ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé kò nílò rẹ̀.

Ẹ̀fọn máa ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí omi bá fà, nínú adágún tó bá kù. Nẹ́ẹ̀tì ṣe pàtàkì nígbà náà ju ìgbàkigbà lọ, kí ẹ sì so ó níbikíbi tí ẹ bá sá lọ sùn. Tí ara ọmọ bá gbóná, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ibà láàárín wákàtí 24.

Ẹ lọ sí hẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà nísinsìnyí tí ọ̀nà ṣì gbẹ, kí wọ́n wo káàdì àjẹsára àwọn méjèèjì. Ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n ti gba abẹ́rẹ́ èèyi lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù 9 àti oṣù 15. Ó yẹ kí àbúrò ti gba ti ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Láti ọdún 2022 ni àjẹsára rotavirus, kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lára ọmọ ọwọ́, ti wà lára èyí tí wọ́n ń fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà.

Ẹ ti bá ọlọ́kọ̀ ojú omi kan sọ̀rọ̀ sílẹ̀, torí ẹni tó ń gbé etí títì lè dúró wò ó di àárọ̀, ẹ̀yin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ kò bá lè mu nǹkan mọ́, tó ń bì gbogbo ohun tó mu, tí gìrì mú un, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tàbí tó ń sùn tí kò fẹ́ jí, ẹ wọ ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni tó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ: ẹ fi aago fóònù kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹ̀gbọ́n, 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àbúrò, ti pọ̀ jù. Tí ẹ bá rí i ní ìrọ̀lẹ́ pé ara ọmọ ń rẹ̀ sí i, ẹ gbéra kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ gbé ORS dání, kí ẹ sì máa fún un nínú ọkọ̀ títí ẹ ó fi gúnlẹ̀.