Ṣé ìtànṣán UV (ìtànṣán tí ojú kì í rí, tó wà nínú oòrùn) lè ba sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ àti èyí tó ń bá àrùn jà jẹ́?

Ti inú mùdùnmúdùn egungun kò fara gbá a rárá. UVB (tí ìgùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 280 sí 315) kì í sábà kọjá awọ òkè. UVA (315 sí 400) máa ń wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kò lè dé egungun. Inú awọ gan-an ni wàhálà wà. UVB máa ń lẹ lẹ́tà T (thymine) méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú DNA, ìyẹn ìwé ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì, pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì Langerhans tó ń ṣọ́ awọ á kó kúrò níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì T (irú sẹ́ẹ̀lì kan tó ń bá àrùn jà) tó ń pẹ̀tù sí àwọn yòókù á sì pọ̀ sí i. Bí ààbò awọ ṣe ń dínkù báyìí wà lára ohun tó ń mú kí egbò ètè ti kòkòrò àrùn herpes yọ lẹ́yìn oòrùn líle.

Nínú láàbù, kò sí awọ tó máa dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì. Iná UVC (nánómítà 254) inú kábíńẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí sẹ́ẹ̀lì yóò pa sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ẹ̀jẹ̀ bó ṣe ń pa kòkòrò. Ẹ pa iná yẹn kí ẹ tó gbé àwo wọlé.

Àwọn dókítà náà ń fi UV tọ́jú aláìsàn: wọ́n á ya sẹ́ẹ̀lì funfun kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á po oògùn 8-methoxypsoralen mọ́ ọn, wọ́n á tan UVA sí i, wọ́n á sì dá a padà sára. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1988 fún jẹjẹrẹ sẹ́ẹ̀lì T inú awọ.