Synology inú ráàkì: ọ̀rọ̀ iná ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú kí ẹ tó dé orí RAID

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ ní ẹ ti ra Synology, ẹ̀rọ tí a ń kó fáìlì pamọ́ sí, onídísìkì mẹ́jọ, 4TB ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti máa kó fídíò òde sí. Ẹ fẹ́ gbé e sínú ráàkì kékeré tó wà lára ògiri. Ẹ wá ń béèrè pé ṣé RAID 5 ni àbí RAID 6 (ọ̀nà tí dísìkì púpọ̀ fi ń ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan: 5 á yè bí dísìkì kan bá kú, 6 á yè bí méjì bá kú), àti bí àwọn tó ń gé fídíò láti ilé wọn ṣe máa rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

RAID 6 ni. 24TB ló máa kù fún yín dípò 28TB, ṣùgbọ́n bí dísìkì kan bá kú tí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀, ọ̀pọ̀ wákàtí ni àwọn tó kù fi máa ṣiṣẹ́ àṣekára kí wọ́n tó tún ti tuntun kọ tán. Àsìkò yẹn ni mo ti rí i tí dísìkì kejì ń kú, pàápàá tí gbogbo wọn bá jọ ti inú páálí kan náà jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi RAID sílẹ̀ ná. Ohun tí mo rí tó ń ba irú ẹ̀rọ yìí jẹ́ jù lọ níbí, iná ni.

Ibì kan wà tí mo ti ń bójú tó ẹ̀rọ tó jọ tiyín. Wọ́n ní inverter, wọ́n ní jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn sì gbà pé iná kì í lọ níbẹ̀. Tí NEPA bá lọ tí inverter gbà á, gílóòbù kì í tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, wọ́n ń da fídíò ìgbéyàwó láti inú káàdì kámẹ́rà sórí ẹ̀rọ náà, ni NEPA bá lọ. Ẹ̀rọ kú, ó sì tún tan fúnra rẹ̀. Nígbà tó máa jí, iná STATUS iwájú rẹ̀ ti pọ́n bí ọsàn, ó ń ṣẹ́jú, ó sì ń ké láìdákẹ́. Mo yẹ SMART (àkọsílẹ̀ ìlera) àwọn dísìkì wò, kò sí ohun tó ṣe ìkankan nínú wọn. Volume (àyè tí fáìlì wà) orí wọn ló bàjẹ́, torí ohun tí ẹ̀rọ ń kọ lọ́wọ́ já sáàárín. A rí púpọ̀ gbà padà, a ò rí gbogbo rẹ̀. A ò sì lè ní kí ìyàwó tún wọlé lẹ́ẹ̀kejì.

Inverter kì í ṣe UPS, bátìrì tó ń gba iná lójú ẹsẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ó lè gbé iná fún yín mọ́jú, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún Synology pé bátìrì ti fẹ́ tán, kò sì dájú pé ó máa gba iná kíákíá tó. UPS tó ní ojú USB ni kí ẹ rà, kí okùn USB yẹn sì wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Nínú Control Panel, lábẹ́ Hardware & Power, ẹ máa rí UPS; ẹ tàn án. Ẹ ní kó wọ safe mode (ipò tí kò ti ní kọ ohunkóhun sórí dísìkì mọ́) lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún tí iná bá ti lọ. Ẹ má sọ pé kó dúró di ìgbà tí bátìrì bá fẹ́ tán, torí bátìrì UPS kì í pẹ́ darúgbó nínú ooru tiwa yìí: á ní òun ṣì kún dé ìdajì, á sì kú lójijì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ta UPS kì í sọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sójú kan ní 50Hz. Bí ẹnì kan bá tan AC, á rẹlẹ̀, á tún gòkè. UPS á ní iná yìí ò dáa, á kọ̀ ọ́, á sì máa jẹ bátìrì ara rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń dún níta, gbogbo ilé ní iná wà, UPS ti fẹ́ kú. Ọ̀pọ̀ UPS ní ètò sensitivity (bó ṣe yára kọ iná tó); ẹ gbé e sí low. Kí fáìlì oníbàárà kankan tó dé orí ẹ̀rọ náà, ẹ fa okùn UPS yọ lára ògiri, kí ẹ jókòó tì í títí tó fi máa wọ safe mode. Lẹ́yìn náà, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀.

Ráàkì ara ògiri yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn. Súwíìṣì ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ fún: kò jìn, òpó iwájú nìkan ló sì ní, bẹ́ẹ̀ rélì ẹ̀rọ yín fẹ́ òpó iwájú àti tẹ̀yìn. Ẹ wá èyí tó dúró sílẹ̀, kí UPS wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí Synology tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá ń de rélì, ẹ wo ihò òpó dáadáa. Ihò mẹ́ta ló wà nínú 1U (ìpele kan nínú ráàkì), àlàfo àárín wọn ò sì dọ́gba. Ibi tí ihò méjì ti sún mọ́ra jù ni U kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ihò àárín, iwájú àti ẹ̀yìn ò ní bára mu, ẹ̀rọ ò sì ní wọlé. Òfìfo ni kí ẹ tì í wọlé, kí dísìkì tó dé. Ẹ kọ serial dísìkì kọ̀ọ̀kan sórí téèpù, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú tíréè rẹ̀, torí lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá kú, ẹ ò ní fẹ́ fa èyí tó yè yọ. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ gbígbóná ráyè jáde, kí ẹ sì máa gbá eruku iwájú rẹ̀ tí ọyẹ́ bá dé.

Ẹ yẹ dísìkì yín wò pẹ̀lú. Ní 2020 ló hàn síta pé àwọn WD Red kan, láti 2TB dé 6TB, jẹ́ SMR (irú tó ń kọ ìlà lé orí ara wọn, tó sì ń lọ́ra tí iṣẹ́ bá pọ̀), tí wọn ò sì kọ ọ́ síbi kankan. WD40EFAX wà nínú wọn. Irú rẹ̀ ò yẹ RAID. Tó bá jẹ́ Seagate, ẹ lo àṣẹ smartctl -l farm láti wo FARM, àkọsílẹ̀ ìlò tó wà nínú dísìkì Seagate. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àkọsílẹ̀ FARM yẹn ló tú àṣírí àwọn àlòkù tí wọ́n ń tà bíi tuntun ní Jámánì, tí wọ́n ti dá wákàtí SMART wọn padà sí òdo.

Ní ti àwọn tó wà nílé, ẹ má ṣí port (ẹnu ọ̀nà láti íntánẹ́ẹ̀tì) kankan lórí ráútà. Ní oṣù kìíní 2022, Deadbolt, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan, wọ inú QNAP (ẹ̀rọ tó jọ Synology) àwọn èèyàn láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ti fáìlì wọn pa, ó sì ń gba owó. Tailscale, tó ń so ẹ̀rọ yín pọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ láìṣí port, wà nínú Package Center ti Synology. Òun ni kí ẹ lò. Ẹ pa àkáǹtì admin, kí oníkálukú ní tirẹ̀.

RAID 6 ò ní gbà yín lọ́wọ́ olè tàbí ẹni tó pa fóldà rẹ́. Ẹ ra dísìkì USB ńlá méjì, kí Hyper Backup, ètò àdàkọ ti Synology, máa da iṣẹ́ sí ọ̀kan, kí èkejì wà nílé yín, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn.

Ẹ kọ irú inverter tí ẹ ní síbí, kí ẹ sọ bóyá pure sine wave (tí iná rẹ̀ rí bíi ti NEPA) ni, àti bí jẹnẹrétọ̀ yín ṣe tóbi tó. Màá bá yín wo UPS tó bá a mu kí ẹ tó náwó.