Ọmọ mi ń lo Tramadol: ṣé orí òkè ni ká gbé e lọ ni, àbí ọsibítù?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, Nọ́ọ̀sì. Òṣogbo ni mò ń gbé. Àwọn ìbejì mi ti pé ọmọ ọdún 22. Lóṣù tó kọjá, mo fẹ́ fọ aṣọ Kẹ́hìndé, ni mo bá bá sáṣẹ́ẹ̀tì Tramadol mẹ́ta nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti ṣófo. Táyé wá jẹ́wọ́ fún mi pé ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń lò ó, pé ibi iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù tó ṣe nígbà ìsinmi ló ti bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ wa ní ẹ̀mí òkùnkùn ni, pé ká gbé e lọ sórí òkè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ fún àwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ méje. Mùsùlùmí làwọn ará ilé ọkọ mi, àwọn náà ti gbé hàǹtú wá. Ọkọ mi ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká gbé e lọ sí Arò, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó fi hàn pé n kò nígbàgbọ́, gbogbo ìjọ á sì gbọ́. Àbúrò wọn, Ìdòwú, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 15. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú wàhálà ọmọ yìí, ẹ sì kú àìsùn. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ jù ni màá kọ́kọ́ dáhùn: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé Kẹ́hìndé lọ sí àwẹ̀ gbígbẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. N kò bá Pásítọ̀ yín jà. Ọmọ ìjọ lèmi náà, mo sì máa ń dárúkọ àwọn tí mò ń tọ́jú nínú àdúrà. Ohun tí ojú mi ti rí lẹ́nu iṣẹ́ ló ń mú mi sọ̀rọ̀.

Oògùn ìrora ni Tramadol, ẹbí kan náà ló sì jẹ́ pẹ̀lú mọ́fíìnì, oògùn ìrora tó lágbára gan-an. Bó bá ti pẹ́ nínú ara, ara á gbàgbé bó ṣe ń dá dúró láìsí i. Ọjọ́ tí kò bá rí i, òógùn á máa bò ó, imú á máa ṣomi, eegun á máa ro ó, á máa bì, á máa yàgbẹ́ gbuuru, kò ní lè sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní dúró sójú kan. Tramadol tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn nínú ọpọlọ tí mọ́fíìnì kì í ṣe, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń ní ìpayà ńlá, tí wọ́n sì lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Omi ń jáde lára ọmọ náà lókè nísàlẹ̀, a wá ní kó má fi omi kan ẹnu fún ọjọ́ méje. Ẹni tó dúró tì í lórí òkè á rí i tó ń gbọ̀n, tó ń ké, á ní ẹ̀mí náà ló ń jáde lọ. Ara ló ń béèrè oògùn rẹ̀.

Bó bá ń fi ọtí tàbí Rohypnol (oògùn oorun tí wọ́n ń pè ní rọ́fì) kún un, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ẹ bi í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, torí àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í sábà lo ẹyọ kan. Ẹni tí ọtí ti di bárakú fún, tó já a lójijì, gìrì lè mú un láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ọkàn rẹ̀ lè dàrú, ó sì lè kú. Mo rántí bàbá kan tó ń mu páráagà láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ kẹta àwẹ̀ ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa láti ilé àdúrà, gìrì ti mú un lẹ́ẹ̀mẹta lọ́nà. Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún, ó ń sọ pé àwọn rò pé ìdáǹdè ni. Àwọn èèyàn náà fẹ́ràn bàbá yẹn tọkàntọkàn, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn ni.

Ewu mìíràn wà tí àwọn ẹbí kì í rí, torí ẹ̀yìn ìgbà tí ara bá ti yá ló máa ń wá. Bí Kẹ́hìndé bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣíwọ́, ara rẹ̀ kò ní lè gbé iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bó bá wá pàdé ọ̀rẹ́ kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó sì lo iye àtijọ́ yẹn, èémí rẹ̀ lè dúró lójú oorun. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ara mọ́ kì í ṣe òpin ìtọ́jú. Ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ bi mí bóyá lílọ sí ọsibítù fi hàn pé ẹ kò nígbàgbọ́. Nígbà tí Hesekáyà ọba ń ṣàìsàn dé ojú ikú, ó yíjú sí ògiri, ó gbàdúrà, ó sunkún. Ọlọ́run gbọ́, ó fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀. Wòlíì Aísáyà kan náà tó mú iṣẹ́ ìyè yẹn wá ló ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ oówo náà. Àdúrà ti gbà tán kí wọ́n tó lẹ oògùn o. Ẹ ka Àwọn Ọba Kejì, orí 20, fún ara yín, kí ẹ sì ka á sí etí Pásítọ̀ bí ẹ bá láyè. Fún àwọn ará ilé ọkọ yín, Ànábì ní Ọlọ́run kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn Alfa tó mọ Hádíìsì yìí pọ̀, ẹ wá ọ̀kan nínú wọn kó bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rù Arò tó ń bà yín yé mi. Lẹ́nu wa, "wọ́n ti gbé e lọ sí Arò" ti di èébú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1954, Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta gan-an, fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí ọsibítù náà ká. Ó ní dandan kí ẹbí kan ó kéré tán bá aláìsàn wá, kó máa sè fún un, kó máa jókòó tì í. Wọ́n á lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n á padà sí àárín èèyàn. Ó gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Gbogbo ayé wá wò ó, torí ohun tí Yorùbá ti mọ̀ látayébáyé ló fi ṣe iṣẹ́: ìyá tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ wà lára ìtọ́jú. Ìjọ tó wá jókòó tì í pẹ̀lú ìyá náà wà lára ìtọ́jú.

Ohun tí mo kọ̀ pátápátá ni ibi tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn mọ́lẹ̀, yálà ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí. Lóṣù Kọkànlá 2019, ọlọ́pàá kó èèyàn 259 jáde ní irú ibẹ̀ n'Íbàdàn, àwọn mìíràn ti gbẹ kù eegun. Ẹbí wọn ló fà wọ́n lé àwọn tó ni ibẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹbí náà sì rò pé rere ni àwọn ń ṣe.

Ní ti ìtìjú, ìwádìí ìjọba àti UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, tó jáde ní 2019 fi hàn pé èèyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan, mílíọ̀nù 4.6 nínú wọn sì lo irú Tramadol àti kodéìnì láìjẹ́ pé dókítà ní kí wọ́n lò ó báyẹn. Nínú ìjọ yín, kò lè jẹ́ ilé yín nìkan. Ẹ tún wo Táyé: ọmú kan náà, ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kan náà, ọ̀kan lò ó, èkejì kò lò ó. Ẹ yé bi ara yín pé níbo ni ẹ ti ṣi ọmọ tọ́.

Ó wá ku bí ẹ ó ṣe bá Kẹ́hìndé sọ̀rọ̀. Ẹ dúró de àárọ̀ tí ojú rẹ̀ dá, kó má jẹ́ níwájú àwọn àbúrò bàbá rẹ̀. Ẹ má fi "kí ló dé tó o fi ṣe èyí sí mi" bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í pé, "Kí ló ń bá ẹ ṣe?" Ìbéèrè yìí ti ṣí ilẹ̀kùn fún mi ju èyíkéyìí lọ. Níbi iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù, ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan sọ fún un pé á mú ara rẹ̀ le, kò ní mọ ìrora. Ó lè ti di ohun tó fi ń sùn báyìí, tàbí tó fi ń gbàgbé ìbànújẹ́ kan tí kò sọ fẹ́nì kankan. Bí ẹ kò bá mọ iṣẹ́ tí oògùn ń bá a ṣe, ẹ kò ní mọ ohun tí ẹ ó fi dípò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìbínú máa ń ti èpè dé ẹnu ìyá kó tó ronú. Ẹ bá mi gbé e mì.

Ẹ bá mi bẹ Bàbá Ìbejì. Bí ó bá lé e jáde, àwọn tó ń tà á fún un ni yóò gbà á sílé. Bàbá Ìbejì lè fi òfin lélẹ̀: a kì í lò ó nínú ilé yìí, a kì í kó o wọlé. Owó kò gbọdọ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́ mọ́. Owó ilé-ìwé, ẹ san án fún ilé-ìwé. Gbèsè tó bá jẹ, ẹ má yára san án.

Láti Òṣogbo, ọsibítù olùkọ́ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ní àwọn dókítà ọpọlọ, kò pọn dandan kó jẹ́ Arò lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á bi í ní ìbéèrè, wọ́n á yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á fún un ní oògùn tí yóò mú kí ara fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìjókòó ọ̀rọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀, ó sì lè gba oṣù púpọ̀. NDLEA, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró, náà ní àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn lórí fóònù lọ́sàn-án lóru, lọ́fẹ̀ẹ́, lórí 0800 1020 3040. Ẹ lè pè kí Kẹ́hìndé tó gbà.

Ẹ jẹ́ kí ìjọ gbàdúrà, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ẹni méjì tí ẹnu wọn dákẹ́ lẹ ó sọ fún. Kí wọ́n máa wá kí i, kí wọ́n bá a jẹun, kí wọ́n bá a wo bọ́ọ̀lù. Bí ara bá sì ti ń yá, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á lọ síwájú pẹpẹ lọ́sẹ̀ kẹta láti wá jẹ́rìí. Mo ti rí ọmọ tó jẹ́rìí, tí gbogbo ìjọ jó, tó sì ṣubú lẹ́yìn oṣù méjì. Kò lè jẹ́wọ́ fẹ́nikẹ́ni mọ́, torí ẹ̀rí rẹ̀ ti di irọ́ lójú ara rẹ̀. Ìṣubú máa ń wáyé, bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń gòkè padà lára ẹni tó ń gba ìtọ́jú. Ọmọ tó mọ̀ pé òun lè sọ fún ìyá òun lọ́jọ́ tó ṣubú, òun ni yóò tètè dìde.

Ẹ sọ òótọ́ fún Ìdòwú. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ orúkọ oògùn náà fún un, ohun tó ń ṣe fún ara, àti bí ó ṣe lè kọ̀ ọ́ fún ọ̀rẹ́ láìjà. Oògùn ìrora tiyín náà, ẹ tì í pa.

Bí Kẹ́hìndé bá gbà, ẹ má sọ pé ó di ọjọ́ Ajé, torí ẹni tó gbà láàárọ̀ lè yí padà lálẹ́. Ẹ di báàgì kan sílẹ̀ láti òní: aṣọ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì, Bíbélì rẹ̀ bó bá fẹ́, àti àwọn sáṣẹ́ẹ̀tì òfìfo yẹn, nítorí dókítà á fẹ́ ka iye mílígíráàmù tó wà lára wọn.