Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Mímòòkùn Nínú Òkun Ilẹ̀ Olótùútù

Lẹ́tà márùn-ún ni a yàn lóṣù yìí nínú èyí tí ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Àbújá àti Òkè Ọya kọ ránṣẹ́ lórí eré ìdárayá kan tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe, ìyẹn ni kí ènìyàn gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n, kí ó mòòkùn, kí ó sì máa mí lábẹ́ òkun. Gbogbo àwọn tó kọ̀wé ló ń bèèrè nípa etíkun ibi tí omi ti tutù.

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ọmọbìnrin mi ń kàwé ní Plymouth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó pè mí lórí fóònù pé òun ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń mòòkùn ní yunifásítì wọn, àti pé láìpẹ́ wọn yóò kó àwọn lọ sínú òkun. Èmi tí mi ò jẹ́ kí ó sún mọ́ adágún Jabi nígbà tó wà lọ́dọ̀ mi! Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òtútù kò ní pa á? Kí ni wọ́n tilẹ̀ ń wá lábẹ́ omi ọ̀hún?
Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Gwarinpa

Màmá, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Òtútù tí ẹ kọ́kọ́ mẹ́nu bà ni olórí ọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ní etíkun Plymouth, omi òkun máa ń wà ní nǹkan bí 9°C ní ìparí ìgbà òtútù, kì í sì í sábà kọjá 17°C nígbà tí ó bá móoru jù lọ, ní oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹsàn-án. Omi máa ń fa ooru jáde lára ènìyàn ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ju bí afẹ́fẹ́ tó tutù bákan náà ṣe ń fà á lọ. Ẹni tó bá ṣàdédé kó sínú irú omi bẹ́ẹ̀ láìwọ aṣọ tó yẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle láìlè dá a dúró, bí omi bá sì wọ̀ ọ́ lẹ́nu ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ yẹn, ewu ti dé.

Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò fi ní mú akẹ́kọ̀ọ́ wọ òkun yẹn láìdira fún un. Oríṣi aṣọ méjì ni wọ́n ń lò. Èkíní jẹ́ ti rọ́bà tó nípọn tó mìlímítà márùn-ún tàbí méje, tó fún mọ́ ara pinpin. Omi díẹ̀ á wọ inú rẹ̀, ara á mú omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà kò sì ní jẹ́ kí ooru yẹn tètè sá lọ. Èkejì ni èyí tí omi kò lè wọ̀ rárá, tí wọ́n dí ọrùn àti ọrùn-ọwọ́ rẹ̀, tí ènìyàn sì ń wọ aṣọ òtútù gidi sábẹ́ rẹ̀. Èmi ìbá fẹ́ kí ọmọ tó ti Àbújá lọ lo èkejì yìí, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti lò láìkọ́ ọ, owó rẹ̀ sì pọ̀, nítorí náà ẹ má tíì rán owó ohunkóhun sí i. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ yunifásítì ló ní irinṣẹ́ tí wọ́n ń yá akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí ẹ lè tẹnu mọ́ fún un ni fìlà rọ́bà àti ìbọ̀wọ́. Ìka tí òtútù bá ti mú kú kò lè tú ìdè, kò sì lè tẹ bọ́tìnnì, ìka yẹn sì ni yóò fi gba ara rẹ̀ là bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Òfin tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ni pé kò gbọdọ̀ sé èémí lábẹ́ omi láéláé. Bí ènìyàn bá dé ìsàlẹ̀ mítà mẹ́wàá, agbára tó ń tẹ̀ ẹ́ ti di ìlọ́po méjì ti òkè, afẹ́fẹ́ tó mí kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ níbẹ̀ yóò sì fẹ̀ di ìlọ́po méjì bí ó bá gòkè wá láìmí jáde, ẹ̀dọ̀fóró sì lè ya. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń gòkè, kì í ju mítà mẹ́sàn-án lọ ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n á sì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ìsàlẹ̀ mítà márùn-ún kí wọ́n tó yọrí. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀ka British Sub-Aqua Club, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1953, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí wọn yóò fún un kò ní jẹ́ kí ó kọjá mítà 20. Méjì méjì ni wọ́n sì ń lọ, tí oníkálukú ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ ẹnìkejì rẹ̀.

Ní ti ohun tí wọ́n ń wá, Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Nígbà òtútù, omi ojú òkun àti ti ìsàlẹ̀ máa ń pò mọ́ra, oúnjẹ tó ti rì sí ìsàlẹ̀ á gòkè, nígbà tí oòrùn bá sì padà dé, ewéko àti ẹ̀dá kéékèèké á pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún, wọ́n lè pọ̀ débi pé omi á di aláwọ̀ ewé, tí ènìyàn kò ní rí ju mítà díẹ̀ lọ níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun yẹn gan-an ló ń bọ́ gbogbo ẹ̀dá tó kù. Kò jìnnà sí Plymouth ni ibi tí ọkọ̀ ogun Scylla wà, èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì ní 2004 kí ẹ̀dá inú òkun lè fi ṣe ilé. Omi ti gba pupa kúrò nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn kí ó tó dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀, nítorí náà gbogbo ara irin ọkọ̀ yẹn á máa rí wúrúwúrú ní àwọ̀ eérú. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, pupa àti àwọ̀ ọsàn á yọ, á sì rí àwọn ẹ̀dá rírọ̀ tó lẹ̀ mọ́ irin, tí wọ́n na ọwọ́ tínínrín jáde láti fi mú oúnjẹ tí ìṣàn ń gbé kọjá. Alákàn àti ọ̀kàṣà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí ó wò ó láti ìta, kí ó má wọ inú ọkọ̀ náà, nítorí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ lè rú sókè kí ó sì dí ojú ọ̀nà àbájáde mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n olóòtú, mo mọ ìwẹ̀ dáadáa; omi ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti kọ́ ọ. Mò ń múra láti lọ kàwé ní Scotland, ọ̀rẹ́ mi kan sì ní kí a ra sìlíńdà àlòkù, kí a fi ìsédò Shiroro tàbí ti Usuma dánra wò kí n tó lọ. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?
Ọ̀dọ́ Barnawa, Kàdúná

Rárá, àbúrò mi. Ẹ̀yin méjèèjì kò gbọdọ̀ dán an wò. Ìsédò Shiroro ń pèsè iná mànàmáná, ti Usuma ni Àbújá ń mu, ẹnu ihò tí omi ń gbà wọlé ní irú ibi bẹ́ẹ̀ sì lè fa ènìyàn mọ́ra tí kò ní lè já ara rẹ̀ gbà. Sìlíńdà tí o kò mọ ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn lè bú gbàmù nígbà tí wọ́n bá ń kún un, nítorí agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ kọjá ti táyà mọ́tò lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra. Níbo ni ẹ sì ti fẹ́ kún un? Ẹ̀rọ fọkanáísà ń fa èéfín àti òórùn epo mọ́ afẹ́fẹ́, ohun tí kò ṣe táyà ní nǹkan kan lè pa ẹni tó bá mí i sínú lábẹ́ omi. Ìṣirò ìṣẹ́jú tí ènìyàn lè lò ní ìsàlẹ̀, etíkun ni wọ́n ṣe é fún. Ibi tó bá ga ju mítà 300 lọ sí òkun ní ìṣirò tirẹ̀, Àbújá àti Kàdúná sì ga jù bẹ́ẹ̀.

Tẹra mọ́ ìwẹ̀ tí o mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìmòòkùn ni yóò ní kí o wẹ mítà 200 láìdúró, kí o sì léfòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí o bá dé Scotland, yóò yà ọ́ lẹ́nu pé rírì ni yóò kọ́kọ́ ṣòro fún ọ: omi iyọ̀ máa ń gbé ènìyàn léfòó ju omi tí kò níyọ̀ lọ, aṣọ rọ́bà tó nípọn náà sì ń léfòó, nítorí náà bẹ́líìtì olójé ni wọn yóò fi dè ọ́ mọ́lẹ̀. Bí o bá sì ti ń rì, rọ́bà á fún pọ̀, kò ní gbé ọ mọ́ bíi ti òkè, ìwọ ni yóò sì máa fi afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀ kún jákẹ́ẹ̀tì aláfẹ́fẹ́ tí o wọ̀ kí o má baà rì kọjá ibi tí o fẹ́. Ẹ̀kọ́ yìí gba sùúrù, mo sì gbà pé ẹni tó bá kọ́ ọ nínú omi tútù tí kò mọ́ gaara máa ń mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ́ ọ nígbà ìsinmi ní omi gbígbóná lọ. Fi eléyìí sọ́kàn pẹ̀lú: àtàǹpàkò tí a máa ń nà sókè nílé láti sọ pé gbogbo nǹkan dára, “jẹ́ ká gòkè” ni ìtumọ̀ rẹ̀ lábẹ́ omi. Àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tí a so pọ̀ di òrùka ni wọ́n fi ń sọ pé kò séwu.

Olóòtú, ẹni ọdún 56 ni mí. Mò ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ti wálẹ̀ dáadáa. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ sinmi ní Cape Town lóṣù Kejìlá, mo sì fẹ́ mòòkùn lẹ́ẹ̀kan láyé mi. Ṣé kò léwu?
Bàbá Kubwa

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn ti kápá lè máà dí yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin ni yóò pinnu rẹ̀. Ìwé ìbéèrè ìlera tí wọn yóò fún yín máa ń ya ẹni tó bá ti kọjá ọdún 45 sọ́tọ̀, kí ẹ sì dáhùn rẹ̀ lóòótọ́. Bí ènìyàn bá ti wọ inú omi, ẹ̀jẹ̀ apá àti ẹsẹ̀ á rọ́ wá sí àyà. Òtútù á tún mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún, iṣẹ́ á pọ̀ fún ọkàn, lára àwọn kan omi ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru wà lára àwọn tí èyí máa ń tètè ṣe, aṣọ rọ́bà tó fún àyà jù àti eré àsápajúdé sì ń dá kún un. Ẹ fi orúkọ oògùn yín han dókítà tó mọ̀ nípa ìmòòkùn, nítorí irú kan wà nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kì í jẹ́ kí ọkàn lè yára bí ó ti yẹ. Bí ikọ́ bá mú yín lábẹ́ omi, tí èémí kò sì tó yín mọ́, ẹ fi àmì sọ fún olùkọ́ yín, kí ẹ sì gòkè.

Oṣù Kejìlá jẹ́ ìgbà ooru níbẹ̀, síbẹ̀ ẹ má jẹ́ kí oòrùn tàn yín. Ní ẹ̀gbẹ́ Àtìláńtíìkì, afẹ́fẹ́ ìgbà ooru máa ń ti omi òkè jìnnà sí etíkun, omi ìsàlẹ̀ á gòkè rọ́pò rẹ̀, ó sì lè tutù tó 10°C. False Bay tó wà ní òdì kejì ni mo fara mọ́ fún yín, níbi tí omi ti móoru díẹ̀ sí i, tí igbó ewéko òkun tí wọ́n ń pè ní kelp sì ga láti ìsàlẹ̀ títí dé ojú omi. Ẹ máa rọra wẹ̀ láàárín rẹ̀, ẹ má jà bí ó bá so mọ́ yín.

Genotype mi ni AS, ikọ́ fée sì máa ń yọ mí lẹ́nu bí ọyẹ́ bá dé. Ṣé mo lè mòòkùn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?
Sabon Gari, Kánò

AS nìkan kì í sábà dí ènìyàn lọ́wọ́, bí ó tilẹ̀ yẹ kí ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kí ẹ mu omi dáadáa, kí ẹ má sì jẹ́ kí òtútù wọ̀ yín lára. Fún ẹni tó bá jẹ́ SS, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó fi í sílẹ̀. Ikọ́ fée ni ó gba ìrònú. Afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà gbẹ, ó sì tutù, bíi ti ọyẹ́ tí ń dà yín láàmú yẹn. Àwọn dókítà ìmòòkùn ní Bìrìtìkó kì í fọwọ́ sí ẹni tó jẹ́ pé òtútù tàbí eré sísá ló ń fa ikọ́ fée rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ eruku ni ó ń fà á fún yín, wọ́n lè ṣàyẹ̀wò mímí yín kí wọ́n tó pinnu.

Aberdeen ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ mòòkùn ní St Abbs, ní etíkun Scotland, ní ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Sátidé, kí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sí Àbújá láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, kí ó sì wakọ̀ wá sí Jos. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kò dára. Kí ló dé?
Ìyàwó Ilé, Jos

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba á nímọ̀ràn gidi. Lábẹ́ omi, náítrójìn inú afẹ́fẹ́ máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, kì í sì í tán níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí ènìyàn bá jáde. Ẹ ti rí bí ọ̀rá ìpékeré tí a rà ní Èkó ṣe máa ń wú gbọ̀n-ọ̀n bí a bá gbé e dé Jos, tó fi nǹkan bí mítà 1,200 ga ju òkun lọ. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú lè fúyẹ́ tó ti ibi tó ga ní mítà 2,400, bí náítrójìn bá sì wà lára síbẹ̀, ó lè di ìhó nínú ẹ̀jẹ̀ tàbí nínú oríkèé. Ẹni tó bá mòòkùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹ kí ó dúró ó kéré tán wákàtí 12 kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú; ẹni tó bá ṣe é ní ọjọ́ méjì bíi tirẹ̀ yẹ kí ó dúró tó wákàtí 18. Ẹ ní kí ó fi ọjọ́ Sátidé sinmi, tàbí kí ó sún ìrìn àjò sí ọjọ́ Ajé.

Bí ó bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó rí èyí kà, ẹ máa wò ó. Ìrora oríkèé, ara yíyún, ẹsẹ̀ tí kò lágbára, òòyì tàbí àárẹ̀ tó kọjá àlà láàárín ọjọ́ kan sí méjì lè jẹ́ àmì ìhó náítrójìn yìí, nílé wa níbí a sì lè pè é ní ibà tàbí aromọléegun, kí a fún un ní oògùn kí a sì ní kí ó sùn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní kíá, kí ẹ sọ ọ́ láìfi falẹ̀ pé ó mòòkùn, ọjọ́ tí ó ṣe é àti bí ó ṣe jìn tó, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún un ní ọ́síjìn pọ́ńbélé nígbà tí wọ́n bá ń wá ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ tọ́jú irú rẹ̀.